Owó Ọkọ̀ Kọ́: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Oǹkọ̀wé Gba Owó Iṣẹ́ Rẹ̀ Nílé-Ìwé

Láti ibùdókọ̀ Fádèyí, ẹni tó bá forí lé inú Ṣómólú, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Ní òpópónà Bajulaiye, ní Shipeolu àti ní àwọn àdúgbò kéékèèké tó yí wọn ká, wọ́n ń gé pépà, wọ́n ń to ojú-ewé, wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn ìwé. Pósítà ìdìbò, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ètò ìsìnkú, rìsíìtì, ìwé ìtàn ọmọdé: kò sí èyí tí wọn kì í tẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ oǹkọ̀wé Èkó ló ń fi owó ara wọn tẹ̀wé ládùúgbò yìí, bí wọ́n bá sì ti gbé páálí ìwé jáde tán, ilé-ìwé lọkàn wọn kọ́kọ́ máa ń lọ, torí ibẹ̀ lọmọ tí yóò kà á wà. Ilé-ìwé kò sì jìnnà. Igbóbì College wà létí òpópónà Ìkòròdú, Baptist Academy wà ní Ọbaníkòró, CMS Grammar School wà ní Bàrígà, ká má tíì sọ ti àwọn ilé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni tí pátákó wọn gba gbogbo kọ̀rọ̀.

Ọ̀nà kò jìn, ọ̀rọ̀ wá kù sí ti owó. Bí oǹkọ̀wé bá lọ bẹ ilé-ìwé wò, ta ló yẹ kó sanwó fún ta? Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé ni kò gbà pé ìbéèrè kankan wà níbẹ̀. Lójú tiwọn, ọjà ni oǹkọ̀wé bá wá, ẹni tó bá sì wá pàtẹ nínú ọgbà wọn ló yẹ kó san owó ìsọ̀.

Bó ṣe sábà máa ń rí nìyí. Oǹkọ̀wé á kọ lẹ́tà, á fi ẹ̀dà ìwé rẹ̀ kan tì í, á lọ jù ú sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á pè é. “Ẹ ṣé gan-an ni sà. Àwọn ọmọ wa máa gbádùn yín. Ẹ wá ní Ọjọ́rú, lásìkò ásẹ́ńbílì.” Ọ̀gá kò ní dárúkọ owó. Oǹkọ̀wé náà kò ní dárúkọ rẹ̀, kí wọ́n má baà ní owó ló ń wá kiri. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á to gbogbo ilé-ìwé sórí pápá nínú oòrùn, wọ́n á fún àlejò ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, máìkì á máa gbé ohùn rẹ̀ mì. Lẹ́yìn náà, fọ́tò. Lẹ́yìn fọ́tò, mọ́ọ̀tì tútù kan àti míítì páì ní ọ́fíìsì, pẹ̀lú àmì-ẹ̀yẹ onígíláàsì tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí lára, tí wọ́n sì lè ti ṣi sípẹ́lì rẹ̀. Bí orí bá bá a ṣe é, ẹńfílọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ kan á tẹ̀ lé e: “Ẹ fi wọkọ̀ sà.”

Ẹni tó ṣe àmì-ẹ̀yẹ yẹn gba owó. Ayàfọ́tò gba owó. Ìyá tó ta mọ́ọ̀tì gba owó.

Ti ìwé títà tún wà. Bí wọ́n bá gbà kó tà, olùkọ́ kan á fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á bi í pé kí ni “ti ilé-ìwé” níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni kọ́míṣọ̀n: ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ọgbọ̀n, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò rí ohun tó burú nínú kí ilé-ìwé gba ẹ̀dínwó lórí ìwé tó rà lọ́pọ̀, bí owó náà bá wọ àpò ilé-ìwé tí bọ́sà sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá gba abẹ́ tábìlì lọ sápò ẹnìkan, egúnjẹ ni, kò lórúkọ mìíràn. Òbí ló sì ń san án. Ìwé tí à bá ta ní 2,500 náírà á di 3,500, kí ti ilé-ìwé lè jáde lára rẹ̀, ìyá ọmọ á sì máa rò pé oǹkọ̀wé yìí mà láyà o.

Àwọn kan á ní ṣebí èrè oǹkọ̀wé wà lórí ìwé tó bá tà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá ń tẹ ìwé rẹ̀ jáde sábà máa ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní 3,000 náírà ni ìwé náà, tí ogójì ọmọ sì rà á lọ́jọ́ kan ṣoṣo, èyí tí inú oǹkọ̀wé èyíkéyìí á dùn sí: 12,000 náírà ni tirẹ̀, ó sì di ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá ṣírò owó ọdún kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó dá tẹ̀wé tirẹ̀ á rí ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ẹ̀dà kan, àmọ́ òun ló san owó pépà, owó pléètì, owó ayàwòrán, owó ẹni tó bá a yẹ èdè rẹ̀ wò, owó àwọn tó gé e tí wọ́n sì dì í. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ pépà sílẹ̀ nígbà kan ní Jẹ́bà, ní Oku-Iboku àti ní Ìwópìn, síbẹ̀ òkèèrè ni èyí tó pọ̀ jù nínú pépà tí wọ́n ń lò ní Ṣómólú ti ń wá. Bí dọ́là bá gbéra, ìwé gbéra. Oǹkọ̀wé tí páálí mẹ́jọ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò tíì jèrè kankan, ẹ má jẹ́ kí fọ́tò tó gbé sórí Facebook tàn yín jẹ.

Ẹ̀bùn ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ gáàsì NLNG ń fún oǹkọ̀wé ní 100,000 dọ́là, ó sì ti tẹ oǹkọ̀wé ọmọdé lọ́wọ́: Adeleke Adeyemi gbà á ní 2011, Jude Idada gbà á ní 2019. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka mẹ́rin ni ẹ̀bùn náà ń yípo, ẹnìkan ṣoṣo ló sì sábà máa ń mú un. Ní 2015 tí ó kan ìwé ọmọdé, kò sẹ́ni tí wọ́n fún rárá. Èèyàn kò lè fi ìrètí ẹ̀bùn ra ìrẹsì.

Iṣẹ́ wo wá ni oǹkọ̀wé ń ṣe nílé-ìwé tí a fi ní kó gbowó? Èyí tí mo ṣàpèjúwe lẹ́ẹ̀kan, ti orí pápá nínú oòrùn, kò yàtọ̀ sí ìkéde, bí wọn kò bá sì sanwó fún un, n kò ní jà. Ìbẹ̀wò tó jẹ́ iṣẹ́ yàtọ̀. Ó ti ń bẹ̀rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nígbà tí olùkọ́ èdè bá ti fún kíláàsì ní ìwé náà láti kà. Kíláàsì kan ni oǹkọ̀wé ń bá jókòó lẹ́ẹ̀kan, ogójì ọmọ tàbí kó dín, fún ìṣẹ́jú àádọ́ta. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í wá sọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀. Á kó ojú-ewé tó fi ọwọ́ kọ dání, èyí tó fi báírò pupa fa ìlà lé lórí, tó pa gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ́, tó tún un kọ, tó tún un pa rẹ́, á sì jẹ́ kí wọ́n máa fi ọwọ́ kan án. Ọmọ tí wọ́n ti ń nà nítorí pé ó pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú nóòtù rẹ̀ á wo ojú-ewé náà títí. Ìbéèrè á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. “Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa ìyá rẹ̀?” “Ṣé ẹni gidi ni ọlọ́pàá yẹn?” “Èló ni wọ́n ń san fún yín?” Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó gbẹ̀yìn, ọmọ kọ̀ọ̀kan á kọ gbólóhùn kan tí yóò bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀, wọ́n á máa ka díẹ̀ sókè, oǹkọ̀wé á máa sọ ohun tó gbọ́ níbẹ̀.

Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ mẹ́ta lóòjọ́, ó ti tán. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú á ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́, á wọ ọkọ̀ dé Fádèyí, kò sì ní lè kọ ohunkóhun mọ́ lálẹ́. Ìdí nìyí tí owó ìbẹ̀wò kì í fi í ṣe owó wákàtí tó lò nínú kíláàsì nìkan. Ọjọ́ náà lódindi ni, pẹ̀lú ìmúrasílẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀. 

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀gá sì máa ń sọ ni pé kò sówó. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, àmọ́ àpò ilé-ìwé kò dọ́gba, ó sì yẹ ká mọ èyí tí à ń bá sọ̀rọ̀.

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, àwọn tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ilé-ìwé náà tó ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹfà, 1859, pẹ̀lú ọmọkùnrin mẹ́fà, Kápútẹ́nì J. P. L. Davies, oníṣòwò ará Èkó, ti fún Babington Macaulay, ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀, ní £50 láti fi ra ìwé àti ohun èlò. Ìwé wà lára ohun àkọ́kọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà fi owó rà. Irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, tí ìjọ Ọlọ́run dá sílẹ̀, ní owó tirẹ̀. Ní 2001 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn kan padà fún àwọn ìjọ tó ni wọ́n, Igbóbì College sì wà nínú wọn. Òbí ń san owó ilé-ìwé níbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wọn lágbára, àwọn àgbà yẹn a máa kọ́ gbọ̀ngàn, a máa tún pápá ṣe, a máa fi orúkọ sí ara ògiri. Ẹni tó bá lọ bá wọn pé kí wọ́n máa san owó oǹkọ̀wé kan lọ́dọọdún, ohun tó ń béèrè kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó páànù orí gbọ̀ngàn. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni pé a kò lè kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára oǹkọ̀wé.

Ilé-ìwé ìjọba ló le. Nígbà tí Lateef Jakande di gómìnà ní 1979, ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ní Èkó, ó sì kọ́ kíláàsì rẹpẹtẹ kí ètò àárọ̀ àti ọ̀sán lè dópin. Lónìí, púrínsípà kò ní owó ilé-ìwé kankan lọ́wọ́ tó lè fi ṣe ohun tó wù ú. Òfin ẹ̀kọ́ kárí ayé ti 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé girama kékeré, ṣùgbọ́n ilé kíkọ́, ìwé inú kíláàsì àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ni owó náà ń lọ sí. Ibi tí wọ́n kọ oǹkọ̀wé sí kò sí níbẹ̀. Bí púrínsípà Ṣómólú kan bá fẹ́ gba àlejò wọlé láti wá bá ọmọ ṣiṣẹ́, ọ̀nà rẹ̀ gba Maryland, níbi tí ọ́fíìsì Education District II wà lábẹ́ Tutor-General. Ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gba ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ SUBEB, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé kò sì gbọ́dọ̀ bu owó lé òbí lórí láìgbàṣẹ. Ọ̀gá tó bá dán an wò lè fi ipò rẹ̀ dí i.

Ibi tí owó lè ti wá fún irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ó sì wà. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní àpò díẹ̀. Ìgbìmọ̀ SBMC, tí àwọn ará àdúgbò, òbí àti olùkọ́ jọ wà nínú rẹ̀, lè tọ oníṣòwò àdúgbò lọ. Ní Ṣómólú, mi ò mọ ẹni tó tún yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kàn sí ju àwọn onítẹ̀wé lọ, torí ọmọ tó bá kọ́ láti fẹ́ràn ìwé lónìí ni oníbàárà wọn lọ́la.

Ti aládàáni ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni “kò sówó” ti sábà máa ń jẹ́ irọ́. N kò sọ pé gbogbo wọn ló lówó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Bàrígà, ilé gbígbé ni wọ́n sọ di ilé-ìwé, owó oṣù olùkọ́ ń ni wọ́n lára, pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀ ń mu wọ́n lẹ́jẹ̀. Ẹ wá wò wọ́n ní oṣù Keje. Ká ní igba ọmọ ló wà nílé-ìwé kan, tí òbí kọ̀ọ̀kan san 10,000 náírà fún ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. 2,000,000 náírà nìyẹn. Kánópì àti àga gba tiwọn, dííjéè gba tirẹ̀, alága ìjókòó gba tirẹ̀, kéèkì alájà mẹ́ta, aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde fún ọmọ ọdún márùn-ún, ilé ìfò tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, fọ́tò, fídíò. Ọmọ á jó, òbí á náwó, inú gbogbo ayé á dùn, n kò sì bínú sí ayẹyẹ. Yorùbá ni mí. Ohun tí mò ń sọ ni pé 60,000 náírà fún oǹkọ̀wé kan jẹ́ ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn. Bó bá bá kíláàsì mẹ́ta ṣiṣẹ́, ogójì ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 500 náírà ló kan ọmọ kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ra ìgò mọ́ọ̀tì kan.

Ìdí tí ayẹyẹ fi ń rí owó ni pé òbí ń fojú rí i. Ọlọ́jà ni onílé-ìwé, kíkún ilé rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ wà lọ́wọ́ ohun tí òbí bá rí lọ́jọ́ kan yẹn. Gbólóhùn tí ọmọ kọ nínú kíláàsì ní Ọjọ́rú kan kò ṣeé gbé sí abẹ́ kánópì. Tàbí ó ṣeé gbé. Mummy onílé-ìwé tó bá gbọ́n á ní kí mẹ́ta nínú àwọn ọmọ náà ka ohun tí wọ́n kọ níwájú òbí wọn lọ́jọ́ ayẹyẹ, ẹnikẹ́ni kò sì ní béèrè pé kí ni wọ́n fi owó oǹkọ̀wé ṣe.

Ní Scotland, wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà tó wù mí. Àjọ kan tó ń jẹ́ Scottish Book Trust ti ń ṣe ètò kan tipẹ́tipẹ́ tí wọ́n ń pè ní Live Literature: ilé-ìwé tàbí ilé-ìkàwé tí wọ́n bá fọwọ́ sí á san ìdajì owó oǹkọ̀wé, àjọ náà á san ìdajì yòókù. Iye owó ìjókòó kan ti wà nílẹ̀, gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, nítorí náà kò sí ẹni tí ojú ń tì. Ìtìjú yẹn ló ń pa tiwa jù. Ìpínlẹ̀ Èkó lè ṣe irú rẹ̀ láìná owó gọbọi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti ìjọba sílẹ̀ ná.

Láyé ìjelòó, ilé-iṣẹ́ ìwé ló ń rán ènìyàn jáde lọ sílé-ìwé. D. O. Fágúnwà, tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1938, olùkọ́ ni, ó sì di aṣojú ilé-iṣẹ́ Heinemann ní Nàìjíríà nígbà tó yá. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ló wà títí tó fi kú ní Wuya, lẹ́bàá Bida, ní oṣù Kejìlá 1963. Aṣojú ilé-iṣẹ́ ìwé ṣì ń lọ láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé lónìí, wọ́n ń rìn ín dáadáa, àmọ́ ìwé ìṣirò àti ìwé gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba fọwọ́ sí ni wọ́n ń gbé. Ẹni tó kọ ìtàn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló kù tó ń gbé e.

Nítorí náà, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dárúkọ owó, kó sì dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́. Bíìlì kò ní ju ìlà mélòó kan lọ: ìjókòó mẹ́ta, JSS 1, JSS 2 àti JSS 3, ìṣẹ́jú àádọ́ta lẹ́ẹ̀kan, 60,000 náírà, ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, 6,000, ẹ̀dà ìwé mẹ́wàá fún ilé-ìkàwé pẹ̀lú ẹ̀dínwó, 25,000. Gbogbo rẹ̀, 91,000 náírà. Kó kọ owó ọkọ̀ lọ́tọ̀, kó má baà di pé owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n máa rí san. Kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò ní bá ju ogójì ọmọ jókòó lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ní ó ti pọ̀ jù, kó dín ìjókòó kù, kó má dín owó ìjókòó kù.

Bó bá sì jẹ́ ilé-ìwé ìjọba tí kò sówó lóòótọ́, kó lọ lọ́fẹ̀ẹ́ bí ó bá wù ú. Mo mọ àwọn oǹkọ̀wé tó ń fi owó ìbẹ̀wò kan nílé-ìwé olówó gbọ́ bùkátà ọ̀kan nílé-ìwé ìjọba, ohun tó dára ni. Àmọ́ kó ṣì kọ bíìlì náà: ìjókòó mẹ́ta, 60,000 náírà, ẹ̀bùn oǹkọ̀wé sí ilé-ìwé, 60,000 náírà, iye tó kù láti san, òdo. Púrínsípà á fi ránṣẹ́ sí Maryland pẹ̀lú lẹ́tà ìyọ̀ǹda, ẹgbẹ́ òbí á rí i nínú ìròyìn ìpàdé, wọ́n á sì mọ iye ohun tí oǹkọ̀wé fún wọn.

Ọjọ́ ìsanwó náà gbọ́dọ̀ wà nínú lẹ́tà. Ìdajì kí ó tó wá, ìdajì lọ́jọ́ tó bá parí, sínú báńkì, rìsíìtì lójú ẹsẹ̀. “Ẹ máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀” ti jẹ ọ̀pọ̀ owó ní Èkó. Bọ́sà ní tirẹ̀ ní ìpinnu kan láti ṣe kó tó pa ìwé rẹ̀ dé, ìyẹn abẹ́ ibi tí yóò kọ owó yìí sí. Bó bá kọ ọ́ sábẹ́ ìwé àti ẹ̀kọ́, ó ṣeé ṣe kó tún yọjú nínú ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀. Bó bá kọ ọ́ sábẹ́ ìtọ́jú àlejò, níbi tí mọ́ọ̀tì àti míítì páì wà, ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé lọ́jọ́ tí owó pẹtiróòlù bá tún fò sókè.